Ssenga Ló Máa Kọ́kọ́ Rún Kọfí Ọkọ Mi

Ilé Dókítà Lubwama,
Òpópónà Masaka,
Kyotera, Uganda.
14 Oṣù Kọkànlá, 1987.

Kyolaba, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo ti lọ́kọ! Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún ọ. Má bínú. Ó yá, ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ń kọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń kọ́? Inú mi dùn jọjọ.

Lubwama ni mo fẹ́, dókítà tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń wádìí bí àrùn Siliimu tó ń sọ èèyàn di egungun ṣe ń tàn ká. Èmi ni mo ń bá a kọ ìdáhùn àwọn èèyàn sílẹ̀. O mọ̀ pé ẹnu ayé lẹbọ: wọ́n ní ikú ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, wọn ò gba èso kọfí tí a fi ń ṣe ara wa lálejò lọ́wọ́ rẹ̀ rún mọ́. Ti Ssenga Nakimera, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ló wá le jù. Ssenga ní, "Ọ̀gbẹ́ni Akaòkú yẹn ò ní ṣojú mi mú ọmọ wa lọ!" Láìsí ssenga, ta ni yóò mú ọkọ wá han ìdílé? Ni a bá gba kọ́ọ̀tù Masaka lọ, a fọwọ́ síwèé. Mi ò kábàámọ̀, mi ò sì ní kábàámọ̀ láé.

Àmọ́ iṣẹ́ ń bàjẹ́. Ọgọ́ta obìnrin la bi léèrè ọ̀rọ̀ ibùsùn, gbogbo wọn ní ọkọ àwọn nìkan làwọn mọ̀. Àwọn ọkọ náà búra bákan náà. Ọ́fíìsì Kampala wá ní bí Lubwama ò bá rí nǹkan gidi kí oṣù tó parí, kó palẹ̀ mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Baálé mi, ta ló ń fi gègé bi abilékọ nírú ìbéèrè yẹn? Ssenga nìkan ló lẹ́nu ẹ̀!"

Bó ṣe dìde nìyẹn, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ssenga bí obìnrin. Ssenga figbe ta: "Dìde jàre! Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ fún obìnrin. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo ti ya wèrè ni?"

Ó ní, "Ssenga, mi ò wá tọrọ ìyàwó, ó ti wà nílé mi. Ẹnu yín ni mo wá tọrọ."

"Olè!" Ssenga sọ bàtà lù ú. Kò mira. Ó ní òun fẹ́ mọ ọ̀nà tí ohun tó pa Nalweyiso gbà wọlé, kó má baà pa àwọn tó kù. Nalweyiso ni ọmọ Ssenga tí Siliimu gbé lọ lọ́dún tó kọjá. Ssenga dìde. Wọ́n wọlé lọ wọ gomesi, aṣọ ìjáde wọn, wọ́n sì gba ilé àwọn obìnrin náà lọ.

Kyolaba, ọ̀sẹ̀ méjì péré! Gbogbo ohun táwọn obìnrin náà fi pa mọ́ fún wa ni wọ́n tú fún Ssenga. Ssenga ò dárúkọ ẹnì kankan fún wa o, iye èèyàn nìkan ni wọ́n ń kó wá. Wọ́n ní, "Wọ́n purọ́ fún ìwọ, ọmọ dókítà. Ta ni yóò purọ́ fún ẹni tó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ ilé ọkọ?" Bí ìwé Lubwama ṣe dé Kampala, wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní báyìí, Ssenga ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa mú "olè àwọn" wọlé síwájú ìdílé. Ọwọ́ ọkọ mi ni agbọ̀n kọfí yóò ti wá, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ rún un, lójú gbogbo ayé. Ẹni tẹ́rù bá ń bà, kó jókòó sílé ẹ̀!

Bá mi kí Màmá, kí o sì mú gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo yín gbọ́dọ̀ dé ilé bàbá mi ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, kí oòrùn tó mú.

Tìrẹ ni èmi ìyàwó tuntun,
Nansikombi.