Kí Wọ́n Má Pa Ooru Òwúrọ̀ Yẹn Rẹ́

Sundvær, Lofoten

Sunniva ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kí ọ kú òjò Bergen tí kì í fún ènìyàn ní ìsinmi. Àlàáfíà ni mo wà, bí a bá lè pe ti opó ní àlàáfíà. Ọlọ́run tó ń kó ọkọ̀ wọ èbúté kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́. Àwọn àgùntàn yè. Ìjì ká páànù kúrò lórí ilé ọkọ̀ ojú omi, mo ti gun àkàbà, mo ti kàn án padà. Hallvard tó máa ń bá bàbá rẹ fi ẹja kọ́ sórí igi ní kí n kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì lè gé ahọ́n ẹja bí ìgbà tí o wà lọ́mọdé, àbí ọwọ́ rẹ ti rọ̀ bíi búrẹ́dì àwọn ará ìlú ńlá.

Ìkíni tó. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ pẹ́, ọkọ̀ ọ̀sán ni mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá lọ. O pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o ní ọ́fíìsì ìmọ̀ ojú ọjọ́ yín ń bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí àpótí funfun tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi tí à ń fi ẹja kọ́, èyí tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin. O ní láràárọ̀ ni ooru inú rẹ̀ máa ń ṣàdédé ga díẹ̀, lẹ́yìn náà á wálẹ̀. O ní àṣìṣe ni wọ́n pè é, àti pé bí oṣù yìí bá parí, wọ́n á pa gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn rẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé wọn jáde. O ní láti oṣù kẹta ló ti dáwọ́ dúró, inú ọ̀gá yín sì dùn pé àléébù náà wo ara rẹ̀ sàn. Mo ní n kò mọ̀. Lóòótọ́ n kò mọ̀. Mo ti wádìí rẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì yín. Èmi náà lọ ilé ẹ̀kọ́ òwò ní Bodø, èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ àwa tí à ń sá òkúpòrókò níbí, mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rí. Ẹni tó bá ń ka ọjà inú àká, òun náà ló gbọ́dọ̀ wá èyí tó bá tán. Láti ìgbà tí o ti wọṣẹ́ lẹ ti ń ka òtútù wa tó ń mú ẹja gbẹ, òtútù ń tán, ẹ kò sì tíì fi ọ̀kan ránṣẹ́. O ní ẹ ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ṣírò bí ojú ọjọ́ á ṣe rí nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ bá darúgbó. Ó dáa. Ta ló wá ń mójú tó tọdún yìí? Eṣinṣin dé kí ẹja tó gbẹ. Òjò ń rọ̀ nígbà tó yẹ kí yìnyín máa bọ́. Ẹja tó yẹ kó lọ sí Ítálì fún owó gidi, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sápá ẹja olówó pọ́ọ́kú. Orí ẹja nìkan ni kò tíì dójú tì wá, àwọn ará Nàìjíríà ṣì ń rà á, Ọlọ́run á bù kún ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Sọ fún ọ̀gá yín pé kíkà ti tó. Kó mú ọjọ́ tí òtútù á padà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Bàbá rẹ kò bá yín jà bíi tèmi. Ọkùnrin tó gbé àpótí náà wá sọ fún un pé kó máa gbọn yìnyín orí rẹ̀ dànù láràárọ̀, ó ní ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀, Bergen ló ń lọ, iwájú Sunniva ló ń já sí. Bàbá rẹ mi orí. O mọ̀ ọ́n. Bí o bá pè, á ní ìyá rẹ rèé, á na fóònù sí mi, á wá fara ti ògiri, á máa fetí gba ohùn rẹ láti ọ̀ọ́kán. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, á ní kí lo sọ, mo gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ, títí dórí ohun tí o jẹ lálẹ́. Inú máa ń bí mi. Mo máa ń bi í pé ṣé owó orí ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni.

Mo pe Hallvard wá mu kọfí, mo bi í tààrà pé kí ni ọkọ mi máa ń ṣe nídìí àpótí yẹn. Ó ń yí ife lọ́wọ́. Ó ní òun ti ṣèlérí. Mo ní ẹni tó ṣèlérí fún ti wà nínú ilẹ̀, èmi tí mo wà lókè ni mo ń bi í. Ó wá ní, “Åshild, ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, á ki ojú bọ̀ ọ́, á máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.”

Mo ní ọ̀rọ̀ wo. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀. Pé atẹ́gùn gúúsù ló ń fẹ́ lónìí, ẹja ń làágùn. Pé ìyá rẹ tún bínú jí, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ le. Pé kí o máa jẹun, kí o má máa fi kọfí ṣe oúnjẹ. Pé òun ti kun yàrá rẹ, òun kò kàn mọ̀ bóyá àwọ̀ ewé ṣì wù ọ́. Hallvard ní nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àpótí ló kọ́kọ́ sọ fún.

Sunniva, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo lọ ń fọ ife tí kò dọ̀tí. Kò sọ fún mi. Ìwọ ló sọ fún. Ó gbà pé o ti gbọ́, ó wá ń retí kí o pè. Mo rántí pé lọ́sẹ̀ yẹn, òun ló máa ń sáré dé ìdí fóònù, mo sì bú u pé ta ló ń retí.

Mo mọ̀ pé o kò gbọ́, má sunkún sí mi lọ́rùn. Hallvard ní àpótí náà kò ní etí, ooru nìkan ló mọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu ènìyàn gbóná. Kí ló wá jẹ́ àṣìṣe níbẹ̀? Bàbá rẹ ni. Òun ló sì dáwọ́ dúró ní oṣù kẹta, tí inú ọ̀gá yín fi ń dùn.

Ohun tí o máa ṣe nìyí, má sì fi falẹ̀. Wọlé tọ ọ̀gá yín, ní ìyá rẹ ní kí wọ́n má pa á rẹ́. Bí ìwé wọn kò bá gbà á nítorí pé ooru ayé ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ti ènìyàn kan, kí wọ́n yọ ọ́, n kò bá wọn du ìwé. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n gbé e fún ọ. Bí wọ́n bá kọ̀, rán wọn létí pé ilẹ̀ mi ni àpótí wọn dúró sí, n kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tọdún tó ń bọ̀.

Fi króònù díẹ̀ ránṣẹ́, igi tí à ń fi ẹja kọ́ ti jẹrà, mo fẹ́ ra tuntun. Má fi í sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo lọ sí báńkì pé kí n fojú rí i, mo bá a tí wọ́n ti sọ báńkì di ilé kọfí. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní inú fóònù náà ni owó wà. Mo ra kọfí, mo wálé.

Nígbà tí a bá ń sọ ẹja kalẹ̀ lórí igi, wá sílé, kí o kó àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn dání. Má sọ fún mi pé nọ́ńbà lásán ni, nọ́ńbà ni mo fi tọ́ ọ. O ó máa kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ooru bá ti pẹ́ kó tó wálẹ̀, a ó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Òkun kò ní gba tìrẹ lọ́wọ́ rẹ. Ilé tí o bá wọ̀, á gbóná fún ọ. O kò sì ní sọ̀rọ̀ síbi tí kò ti sí ẹni tó ń gbọ́.

Èmi ni,
Åshild, ìyá rẹ