Ta Ni Ẹnìkejì Màmá? Ìtàn Ìgbésí Ayé Alàájà Ràbíátù Àjíkẹ́ Ọdẹ́tọ́lá (1959–2025)

Ní ọjọ́ tí a sin Màmá, bí àwọn àáfà ṣe ń múra àdúrà lọ́wọ́, Hephzibah, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dìde láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú ilé. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹnìkejì Màmá?" Àwa ọmọ wọn pàápàá kò mọ̀. Ìbéèrè náà bà wá lẹ́rù, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ bá wa péjọ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí mọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n bí Alàájà Ràbíátù Àjíkẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1959 ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, sínú ìdílé Olóògbé Lásísì Àlàdé, ahunṣọ, àti Olóògbé Sàráfà, tó ń ta ẹ̀gúsí. Màmá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1965 sí 1971, wọ́n sì ń lọ sí ilé kéú nírọ̀lẹ́. Ní ọdún 1979, wọ́n wá bá àbúrò bàbá wọn gbé ní Dópẹ̀mú, nílùú Èkó.

Ní ọdún 1983, wọ́n ṣe yìgì pẹ̀lú Alàájì Mufútáù Ọdẹ́tọ́lá, káfíńtà, ọmọ Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Aasiyah, èyí tí wọ́n bí ní 1989, ló ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Màmá kò gbà kí a pe orúkọ yẹn nínú ilé. Wọ́n ní SS ni kí a máa pè é, pé kò yẹ kí ọmọ máa gbọ́ ikú nínú orúkọ àìsàn rẹ̀.

Láti ọdún 1986 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2019, ilé ìwòsàn ìjọba ni Màmá ti ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì. Ní 1994, ìdílé kó wá sínú ilé wa yìí ní Ìgàndò, nígbà tí yàrá méjì péré ló ní páànù lórí. Ìbẹ̀rù bá wa kó wọlé. Òtútù ló máa ń jí àìsàn náà, nítorí náà bí òjò bá ti ṣú, Màmá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ọ̀nà ilé-ìwé. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún Aasiyah: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní bá ẹ ṣọ̀rẹ́ mọ́." Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ṣì ń sọ ọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2004, kíláàsì Aasiyah pọn omi kún táǹkì ilé-ìwé nínú òjò. Ọmọ náà pọn ọ́n nígbà mẹ́jọ, nítorí kò lè sọ ìdí tí kò fi yẹ kí òun pọn ọ́n. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ó ń ṣọ̀lẹ ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, wọ́n lọ sílé. Ó kú ní ọjọ́ kejì, ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Fún ọdún méje, Màmá kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 2011, wọ́n to àga síwájú ilé, wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ tó ní SS ní Ìgàndò, Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì lóṣù ni wọ́n ń pàdé. Òfin kan ṣoṣo ló wà: olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì, ọ̀rẹ́ kan tí kò ní SS, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tó mọ òtítọ́ ibẹ̀, tó sì mọ ẹni tó yẹ kí ó pè. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fún un dánra wò: "Mo ní SS. Mi ò kì í wọ omi tútù. Tí ara bá ń ro mí, pe nọ́ńbà yìí. Ó tán." Ọmọ kan bi wọ́n pé: "Màmá, ṣé kí n tún gbé e sórí status ni?" Wọ́n ní: "Ẹnì kan ni mo wí, mi ò wí gbogbo Ìkọ̀tún."

Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé: "Kí ọkùnrin kan tó gba nọ́ńbà ẹ, kọ́kọ́ bi í ní jẹ́nótáìpù ẹ̀." Ẹni tó bá sì bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán, tó wá ní ara ló ń ro òun, Màmá á ní kó lọ bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2012. Ọkọ wọn ṣaláìsí ní 2016. Àwọn ọmọ Kristẹni ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, Màmá tó jẹ́ ìyá àsàlátù ló sì ń rán wọn létí ọjọ́ ìsìn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Màmá dákẹ́ lórí ẹní ìkírun. Dókítà ní àrùn ọkàn ni, pé ó ti tó ọdún mẹ́rin lára wọn. A kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Hephzibah fi gún wa lára: ṣé Màmá tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti sọ tiwọn ló fi tara wọn pamọ́ títí dójú ikú?

Ní ọjọ́ kẹta, Abdulsobur, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ilé-ìwé sí Ẹ̀gbẹ́dá, sọ ọ́ sí wa lójú: "Màmá náà fi tiwọn pamọ́. Èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ jàre." Kíláàsì rẹ̀ sì ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé ó ní SS. A bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. A tú àpótí Màmá, a yẹ fóònù wọn wò, a kò rí orúkọ ẹnìkejì kankan tí a lè fi hàn án. Oorun kò kun ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni àwa ọmọ wọn, Rídwàn àti Fàthíà, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àwọn àbúrò, àti ọ̀dọ́ mọ́kàndínlógójì tí kò jáde láti inú wọn.

Ní ìjẹta, a fi àwòrán iwájú ìwé yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Abdulsobur kọ̀wé padà: "Ta ló di ọwọ́ Màmá mú yìí?" A ní Ìyá Godswill ni, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó máa ń bá wọn to àga. Abdulsobur ní: "Kò dì í mú o. Ó ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù ni." Ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Godswill bú sẹ́kún, ó ní: "Ọdún mẹ́rin lèmi pẹ̀lú wọn jọ fi ń lọ kílíníkì. Àwọn ọmọ wọn ni wọn ò fẹ́ kó gbọ́, wọ́n ní wọ́n á sọ ilé di ilé ẹkún. Àbí òfin ò sọ pé kó má jẹ́ ẹbí ni?" Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà lọ́jọ́ ìsìnkú, tó ń fọ abọ́ àlejò, kò gbọ́ ìbéèrè náà rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Abdulsobur sọ tirẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan nínú kíláàsì tuntun náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ orúkọ òun síbí.

Ẹ ṣí ìwé yìí padà sí iwájú, kí ẹ wo apá òsì Màmá. Obìnrin tó fi ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́ wọn nìyẹn.

Ọlọ́run á fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, Àjíkẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀ sùn.