Ẹni Tó Yẹ Ní Wíńgì Òsì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ìwé ìròyìn yìí láti ìlú Líìdì nílẹ̀ òyìnbó níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí tutù kọjá sísọ. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ sọ fún wọn pé mo ń wọ súwẹ́tà tí wọ́n hun fún mi, mo sì tún ń wọ méjì mìíràn lé e lórí. Mo kí Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé àti ìyàwó wọn, mo kí Àǹtí mi tó wà ní Agó-Ìwòyè, mo kí àwọn tísà ilé-ìwé yín àti gbogbo ìjọ. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ilé-iṣẹ́ òwú náà ni mo ṣì wà ní ọ̀sán, mo sì ń lọ sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Owó tó ń wọlé kò pọ̀. Onílé gba tirẹ̀, èédú tí à ń kó sí ààrò gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ebi kò pa mí. Ohun tó fẹ́ pa mí ni ìdákẹ́jẹ́. Ọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì sí mi, ó ti pé ọdún kan báyìí, a kò tí ì bá ara wa sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi, ẹ bá wá wò mí.

Ọjọ́ Sunday nìkan ni mo ń padà di ènìyàn. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà nítòsí máa ń péjọ sí pálọ̀ ẹnì kan nínú wa, a ó se ìkọ́kọrẹ́ tí a fi pòtétò ṣe (ẹ má rẹ́rìn-ín, ojú ló ń rí), a ó sì jà lórí ọ̀rọ̀ ilé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ó tó àkókò kí àwa náà tẹ àlìmánáákì. Ẹ mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kò lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kó má tẹ àlìmánáákì. Ṣùgbọ́n dípò kí àwa fúnra wa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà, wọ́n ní kí a fi àwòrán àwọn mọ́kànlá tó dára jù síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù rí nínú líìgì àwọn ìlú wa, láti ọjọ́ tí líìgì náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó kú, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni yóò wà láàárín. Wọ́n sì ní èmi ni kí n yan àwọn mọ́kànlá náà, nítorí pé ọmọ yín ni mí, àti pé èmi ni mo máa ń mú àsíá ní ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tísà lọ́dọ̀ yín.

Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Gólì kò le. Láṣún ará Agó-Ìwòyè ni, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀bìtì. Ẹ rántí ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí bọ́ọ̀lù aláwọ náà fa omi mu títí ó fi wúwo bí odindi iṣu, tí sẹ́ńtà Ìwọ̀pin sì gbá a láti ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan òpó. Ọwọ́ kan ni Láṣún fi mú un. Ó mú un, ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, ó sì ń wú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bààkì náà kò le: Sùlé ará Mámù, tí yóò kọ ọ̀pẹ láàárọ̀ kó tó wá gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, àfi bí ẹni pé ó gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń jí láàárín oorun, mo máa ń rí wọn. Àwọn ènìyàn tó ń la pákó, tó ń kọ ọ̀pẹ, tó ń dẹ àwọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní nǹkan kan! Níbo ni wọ́n ti rí i?

Mo lọ wo bọ́ọ̀lù níhìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Èrò tó wà ní ìdúró lórí pèpéle kan ṣoṣo pọ̀ ju gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, wọ́n ń kọrin, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn nítorí òtútù. Ẹnu yà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wíńgì òsì wọn gbá bọ́ọ̀lù láti igun, tí gbogbo wọn hó yèè, èmi nìkan ló dákẹ́. Mo ti rí ẹni tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìwọ bàtà. Ìtìjú sì mú mi, nítorí pé ní wíńgì òsì, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin Agó-Ìwòyè kan ni mo kọ, ẹni tí kò burú, tí kò sì dára.

Nígbà tí mo ka orúkọ àwọn mọ́kànlá náà fún ẹgbẹ́ ní Sunday tó tẹ̀ lé e, pálọ̀ dàrú. Wọ́n ní Dáníẹ́lì ńkọ́? Àgbàlagbà kan láàárín wa, ará Ojówò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, dìde, ó ní bí a bá yọ Dáníẹ́lì, kí a yọ òun náà kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo bá sọ ìtàn tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, Bàbá, kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lè bá wa lọ.

Dáníẹ́lì wá láti Èfìrè létí ọ̀sà, ó wá la pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Aládùúrà ni. Ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó tiwa ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gbá a, bí ọ̀pọ̀ wọn nígbà náà. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù láti igun, bọ́ọ̀lù náà yóò kọ́kọ́ lọ bí ẹni ń lọ sóko, yóò wá ṣẹ́rí padà, yóò wọ ilé láìkan ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tí ẹ ṣe òfin pé kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọ bàtà, Dáníẹ́lì nìkan ni kò wọ bàtà. Ẹ̀yin rò pé àìrówó ni. Ẹ fi owó ara yín ra bàtà tuntun, ẹ sì gbé e fún un lójú gbogbo èrò, ní ọjọ́ tí a fẹ́ bá Agó-Ìwòyè gbá a. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú àsíá, ó gbé e kalẹ̀ sórí koríko, ó lóṣòó tì í, ó dijú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣe, ó ki bàtà náà bọ abíyá, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n gbá sí wa nílé lọ́jọ́ náà.

Mo sáré wá bá yín. Mo ní ó gbé bàtà yín ṣépè. Ẹ bi mí bóyá mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn Aládùúrà kì í gbàdúrà bíi tiwa nínú ìwé àdúrà, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ tí à ń kàwé gbàdúrà kò mọ ohun tí ń jáde lẹ́nu ẹni tó dijú tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, Bàbá. Ẹnu tó ń mì ni mo rí. Nítorí ẹ̀rí mi ni ẹ fi dúró lórí àga ní pápá ní Sátidé kejì, tí ẹ kéde pé ẹ ti yọ orúkọ rẹ̀ nínú líìgì títí láé. Àwọn èrò hó lé e lórí, kò sì lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Èfìrè.

Ní pálọ̀, mo ṣì ní mo gbọ́ èpè náà; bí mo ṣe parí ìtàn, mo dìde. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Dọ̀káàsì lorúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ará etí omi ni, n kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ̀rọ̀, ó ní àbúrò Dáníẹ́lì ni òun, ìyá kan náà ló bí wọn.

Ó ní ṣé mo rántí ọdún tí èéyi ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní mo rántí. Ó ní ìjọ àwọn wá tọrọ pápá ilé-ìwé tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ yín, wọ́n fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fún wọn láyè. Ní ọjọ́ keje, wòlíì wọn ya ilẹ̀ náà sí mímọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ìjọ wọn tó gbọ́dọ̀ fi bàtà tẹ pápá yẹn mọ́. Àwa rò pé àdúrà tán nígbà tí wọ́n ṣe àmín. Lójú tiwọn, ilẹ̀ náà kò tíì padà di ilẹ̀ lásán. Dáníẹ́lì kò lè kọ ẹ̀bùn àgbà lójú èrò, kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ fún Tísà Àgbà pé pápá ìjọ Tísà ti di ilẹ̀ mímọ́ Aládùúrà. Ó bá gba bàtà, ó gbàdúrà fún ẹni tó fún un, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Mo bi Dọ̀káàsì léèrè àdúrà tó gbà. Ó ní gbogbo ilé àwọn ló mọ̀ ọ́n, nítorí pé bàtà náà wà lórí pẹpẹ nínú yàrá rẹ̀ di òní, kò wọ̀ ọ́ rí, ọdọọdún ló ń fi àdín pa á kí awọ rẹ̀ má baà gan. Bó bá ti ń pa á ló ń tún àdúrà náà gbà: kí Ọlọ́run gbé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Tísà dé ibi tí ẹsẹ̀ baba wọn kò dé, kó má sì jẹ́ kí òtútù tàbí oòrùn ibẹ̀ pa wọ́n.

Bàbá, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Òjò dídì ń bọ́ lóde. Mo ń wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹni tí mo pa irọ́ mọ́, òun ló ti ń gbàdúrà fún mi láti ọjọ́ tí mo ti parọ́ náà. Mo ti ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni mo ń yìn. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Ẹ dákun, ẹ má wò ó pé ọmọ ń tú àṣírí ilé sí ìwé ìròyìn. Irọ́ mi kò dúró sínú ilé. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ, wọ́n sì fi lé ènìyàn lọ. Ibi tí ìlú yóò ti kà á ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin kò ṣẹ̀. Ẹ̀rí ọmọ yín ni ẹ gbà, baba wo ni kò ní í gbà á?

Mo ti kọ Dáníẹ́lì sí wíńgì òsì. Àwòrán mẹ́wàá ti pé lọ́wọ́ wa. Tirẹ̀ kò sí níbì kankan, Dọ̀káàsì ní àwọn kò ní ọ̀kan pàápàá nílé. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù wà ní pálọ̀ yín, èyí tí a yà nígbà tí a gba ife ẹ̀yẹ. Òun ló wà ní ìparí ìlà ìdúró. Mo rí i nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà sẹ́yìn, tí ẹ tún fi gíláàsì bò ó, kó má baà hàn. Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ tú férémù náà. Ẹ tú ibi tí ẹ ṣẹ́. Mo mọ̀ pé ìlà ti fà síbẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an ni yóò sì gbà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí onífọ́tò pa ìlà náà rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín léèrè ohun tó la ojú ọkùnrin rere yìí sí méjì, ẹ dárúkọ mi fún un.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó fi ọwọ́ gbé ọmọ ọmọ. Ìyá mi kò ní í sunkún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà, ẹ má yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Bánjọ