Àpá Ẹsẹ̀ Bàlíkíìsì

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹjọ, 2025
Bàlíkíìsì ọmọ mi ti dé láti Cotonou. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ Madame Etí-Òkun — Ròdíyátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ń wẹ̀ fún un, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilà pupa mẹ́fà, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ta ni kò mọ ojú pàṣán?
Ọmọ ọdún mẹ́jọ!

Ìṣẹ́gun, 19
Ó ní nǹkan inú òkun ló ta òun. Méduse. Ó ní ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, okùn ń fì nídìí rẹ̀. Irọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Àkekèé la mọ̀ ní Dapoya yìí, tó jìnnà sókun. Ojú kan ló ń ta ènìyàn, kì í fa ilà.
Mo ní kí ni Tantie rẹ̀, Madame Etí-Òkun, wá ṣe. Gbogbo rẹ̀ tú jáde. Tantie ò jẹ́ kí òun fi omi ẹ̀rọ ṣan ẹsẹ̀. Ó da vinaigre, omi kíkan, sí i. Ó tún ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná, ó dì í mú síbẹ̀, òun ń ké.
Vinaigre! Omi gbígbóná! Lórí ibi tó ti fi pàṣán bó! Ọ̀tá ẹni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 20
Jẹ́jẹ́ — ọkọ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn — ní kí n ṣe é jẹ́jẹ́, kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà, kí ni kó sọ? Mo bi í bóyá bó ṣe ń na òun náà ní kékeré nìyẹn. Ó jáde láìjẹun.
Madame Etí-Òkun pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. N ò gbé e.

Jímọ̀, 22
Mo ti sọ ọ́. Lórí WhatsApp ẹbí, níwájú tọmọdé tàgbà. Mo ní ẹni tí Ọlọ́run ò fún lọ́mọ ni kò mọ iyì ọmọ. Mo ní kò gbọdọ̀ fojú kan Bàlíkíìsì mọ́ láyé.
Ó kúrò nínú groupe.
Kó máa lọ!

Àìkú, 24
Àwọn ilà náà tún wú, wọ́n ń yún un. Ìyá Kàmíl, ará ilé wa, ní ká tọ̀ sí i. Mo lé e jáde.

Ọjọ́ Ajé, 25
Mo gbé ọmọ sẹ́yìn alùpùpù, ó di Koulouba, ilé oògùn tí Odette ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ oògùn bá mi wo bí wọ́n ṣe bó ọmọ mi lára. Ọmọ Grand-Popo, létí òkun, ni Odette. Ẹ̀ẹ̀kan ló wò ó. Ó ní méduse nìyí, ó ká yẹ̀rì sókè, ó fi itan tirẹ̀ hàn mí. Ilà kan náà. Àpá ogún ọdún.
Ó ní ta ló tọ́jú rẹ̀, ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Omi òkun la fi ń ṣan án, omi ẹ̀rọ á tún mú oró jáde. Vinaigre. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná tí ara lè gbà, fún ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ọmọ tí kì í ké. Ó ní ó sì máa ń padà wú báyìí, ó fún mi ní ìpara.
Ó bi Bàlíkíìsì pé ta ló já okùn rẹ̀ kúrò.
Ọmọ ní Tantie ni. Avec la main, ọwọ́ lásán. Ó bọ́ sómi tòun taṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú.
Inú ń bí mi. Sí Jẹ́jẹ́, tí kò gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi. Irọ́. Sí èmi. Èmi!

Ìṣẹ́gun, 26
Mo pè é. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láti àná — ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N ò tíì lanu tó fi bèèrè pé ẹsẹ̀ ọmọ wa ńkọ́.
Ọmọ wa.
Ìbá kúkú bú mi.