Ìyàwó Wa Kò Kọ̀ Mí Sílẹ̀, Òkun Ni Ó Lọ Wò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́dé, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá wa kú tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Pàdúà níbí. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kí gbogbo ará ilé ní Ìgbájọ, tọmọdé tàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí Bọ́dé ka lẹ́tà yìí sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Mo ti bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa níbí náà pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò yẹ kí n máa tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé oorun kì í pẹ́ lójú mi. Ohun tó ń jí mi lásìkò yìí pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná ń dún gbì-gbì, n kò sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Permesso mi, ìwé ìgbélùú, ó yẹ kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀. Kùrukùru ti bo ìlú, a kì í rí òpin òpópónà mọ́, mo sì ń ronú àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀. Mo ṣì ń bi ara mi bóyá ọkọ̀ ojú omi tiẹ̀ ní bíréèkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti padà dé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù ni iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ẹbí ti jókòó, pé Fọlákẹ́ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé ní Kérésìmesì títí yóò fi ṣàlàyé ìdí tó fi kó jáde nílé ọkọ, àti pé Lásún, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ti lọ fi ẹjọ́ ìyàwó wa sun ẹ̀gbọ́n ìyàwó wa ní Ìkirun, ìlú àwọn àna mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wa kò kó jáde. Ó wà ní kíṣìnì bí mo ti ń kọ èyí, ó ń lọ ata. Èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Fọlákẹ́ ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níbí, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní badante. Arúgbó tó tọ́jú kẹ́yìn, ọmọ Sardegna ni, erékùṣù ńlá kan tí òkun Mẹditaréníà yí ká. Ìyá náà kò lè rìn mọ́, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí Fọlákẹ́ bá ń wẹ̀ ẹ́, òkun abúlé rẹ̀ ni yóò máa ròyìn, bí ó ṣe mọ́ débi pé ènìyàn yóò wọ̀ ọ́ dé àyà, yóò sì máa ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, Fọlákẹ́ sọ fún mi nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ gba ferie, ìsinmi ẹnu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́wàá, kí òun lọ wo omi náà. Mo ní ó dáa, ìgbà wo ni a ń lọ? Ó ní òun kò sọ pé àwa.

Mo rò pé ó ń ṣeré. Ó ní kí n ka gbogbo ferie tí òun ti gbà láti ìgbà tí òun ti dé Ítálì, kí n sì sọ ibi tí òun lò ó sí. Mo kà á. Ìsìnkú bàbá wa. Ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ìgbéyàwó àkọ́bí Bọ́dé. Ìkómọ àwọn ìbejì. Ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún yín, tó jókòó tì yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ìkankan tí kò jẹ́ pé ẹrù ló gbé lọ, àárẹ̀ ló sì gbé bọ̀. Lẹ́yìn náà mo bi í bóyá ó rántí pé òun kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ó ní èmi tí mo mọ̀ ọ́n, ibo ló gbé mi dé?

Mo pe Mojí, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Tùríìnì, pé kó bá mi dá ìyá rẹ̀ dúró, tàbí kó kúkú bá a lọ. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, a ó sọ Yorùbá sí wọn, wọn a fi Ítálì dáhùn. Ó ní Papà, lasciala andare, pé kí n jẹ́ kó lọ. Ó ní òun fúnra òun ti dá rìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún mi, nítorí òun mọ irú bàbá tí òun ní. Ìyẹn náà wá di ohun tí kò jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tí mo rí i pé kò sí ẹni tí yóò tì mí lẹ́yìn, mo bá a di ẹrù: gààrí, tọ́ọ̀ṣì, róòbù, nọ́ńbà ẹ́ḿbásì lórí ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti fèrè bíi ti rẹfirí, bí ọkọ̀ bá fẹ́ rì. Ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, gààrí nìkan ló fi sílẹ̀ nínú báàgì. Mo sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Génóà, níbi tí yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ti rí Fọlákẹ́ tó ń rìnrìn-àjò lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹrù tó ju ara rẹ̀ lọ ló máa ń wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, báàgì kan ló gbé kọ́ èjìká. Ó ń rìn bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní họ́lídè.

Àdéhùn wa ni pé yóò pè mí bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Aago mẹ́jọ, kò pè. Aago mẹ́wàá, fóònù rẹ̀ kò lọ. Nígbà tó di aago méjìlá, mo kọ iṣẹ́ sórí wọ́sáàpù ẹbí. Ẹ ti kà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ní Fọlákẹ́ ti di báàgì rẹ̀, kò jẹ́ kí n tẹ̀lé òun, n kò mọ ibi tó wà, kí ẹ bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run dá a padà fún mi. Èyí tó burú jù, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Ìkirun gbọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí àyà wọn má já. Ṣùgbọ́n èmi tí ẹ tọ́ dàgbà, ó yẹ kí n mọ̀. Nílé wa, bí ọkùnrin bá ní kí àna òun má gbọ́, ta ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? N kò lè bá ẹnikẹ́ni wí pé ó kà á bẹ́ẹ̀.

Ní aago kan àbọ̀, ó pè. Fóònù rẹ̀ ló kú nínú ọkọ̀. Inú mi dùn débi pé mo dín dòdò, mo jẹ ẹ́, mo sì sùn lọ lórí àga, n kò rántí kọ ìlà kan sí yín pé ó ti dé. Ẹ̀yin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ń gbààwẹ̀ ní Ìgbájọ, èmi ń jẹ dòdò ní Pàdúà. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo rò pé àdúrà ni gbogbo rẹ̀. Mo ń dáhùn àmín láì kà á. Lásún kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò fún mi. Mo dáhùn pé àmín, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí Fọlákẹ́ lọ ṣe gan-an, nítorí mo fẹ́ kí ẹ fi yangàn. Ilé opó kan tó ń gba àlejò ni ó wọ̀ sí, Signora Pina, ìyẹn Màdáámù Pina. Signora náà bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti kú ni. Ó ní rárá, ó wà ní Pàdúà, ó ń ṣàníyàn. Signora ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni tòun ṣe, kó tó kú. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Obìnrin méjì mìíràn wà níbẹ̀, oníkálùkù ló dá wá, tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì láti Údínè àti nọ́ọ̀sì kan láti Reggio Emilia. Fọlákẹ́ ti ń múra èsì sílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè ọkọ. Aago tó máa ń jí ni wọ́n béèrè, kí wọ́n lè jọ lọ sí etí omi.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Bàbá arúgbó kan rí i ní etíkun, ó bi í pé kí ló ń tà, nítorí ọjà ni àwọn ènìyàn dúdú tó máa ń rí níbẹ̀ ń kiri. Fọlákẹ́ ní òun kò tà, òun wá rà ni, kí ni bàbá ní lọ́jà? Ẹnu ya bàbá náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ṣí fìlà fún un.

Tísà ará Údínè ló kọ́ ọ bí a ti í léfòó. Ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Ọjọ́ mẹ́ta ni Fọlákẹ́ fi mu omi iyọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, tísà yọ ọwọ́, kò sì sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí a bí sáàárín òkè, dùbúlẹ̀ sórí òkun! Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wẹ ènìyàn, ọjọ́ náà ni ẹnìkan kọ́kọ́ gbé òun sínú omi.

Ó padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì tó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Ìkirun, ó bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ń sùn báyìí. Fọlákẹ́ kò pariwo. Ó gba fóònù mi, ó ka gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ó ka àmín mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí ni mo ti ń ṣàníyàn, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ mi. Ohun tó dun òun ni pé ọdún mẹ́rìndínlógójì ni òun ti jẹ́ ìyàwó ilé yín, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì gbà yín láti gbà pé òun lè sá lọ. Ó ní òun kò ní dé Ìgbájọ mọ́, Kérésìmesì ni o, òkú ni o, àfi bí a bá fọ orúkọ òun mọ́ níwájú ẹbí ọkọ àti níwájú ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní n ó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ní fóònù ló bà á jẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Mo ní ó dáa, ká jọ lọ. Ó ní kí ni òun fẹ́ bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò dá wọ ọkọ̀ òfurufú láti ìgbà tí a ti dé Ítálì. Fọlákẹ́ ló ń mú pásípọ́ọ̀tù, òun ló ń wá ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà wọlé, tèmi ni kí n máa tẹ̀lé e kí n sì máa bi í bóyá ó dá a lójú. Mojí ti gba tíkẹ́ẹ̀tì fún mi láti Mílàn, n ó sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú tí n kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Mo bi Fọlákẹ́ pé bí mo bá sọnù ńkọ́? Ó ní kí n wá obìnrin tó bá dá rìn, kí n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ẹbí jọ. Kí Lásún wà níbẹ̀. N kò bá a jà, ohun tí mo ṣe àmín sí ló tẹ̀lé. Ẹ bá mi wá ohun tó yẹ kí a gbé lọ bẹ àna. Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n n ó dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìyàwó wa kí n tó dé, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ yẹn tèmi ni. Ẹ kàn bi í bí òkun ṣe rí.

Ẹnu tí ẹ fi gbààwẹ̀ nítorí mi, oyin ni yóò máa kàn án. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní ríbi. Ẹ bá mi kí Bọ́dé àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ìbejì, àti àwọn ará àdúgbò tó bá yín gbààwẹ̀. Fọlákẹ́ ní kí n kí yín. Láti kíṣìnì ló ti sọ ọ́, kò yọjú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín, Jídé, tí yóò dá gbéra kúrò ní Pàdúà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá.