Aṣọ Pupa Tí Mo Fi Wé Ìwé Ìpolówó

Nana, ẹ kú àtoko bọ̀. Ẹ forí jì mí. Ègé aṣọ pupa ni mo fi wé ìwé ìpolówó aṣọ ìgbéyàwó tí mo fi ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà wa, mo sì fi òǹtẹ̀ dúdú lù ú. Ẹwà rẹ̀ nìkan ni mo rí, mi ò rántí pé pupa òun dúdú ni àwọ̀ ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa níbí.

Láàárọ̀ yìí ni Maame Birago, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà, wọ aṣọ dúdú dé. Ó ní, "Konadu, ìgbà wo ni Nana kú tí o ò pè mí?"

Mo ní oko lẹ lọ.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dá omijé mi padà."

Mo ń lọ bá àwọn mẹ́jọ tó kù nílé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú ilé títí màá fi dé, kí ẹni tó bá ń sunkún bọ̀ lè tètè rí yín.

Konadu