Ẹyẹlé Tó Padà sí Òkèhò

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Parakú níbí, ní òdìkejì bọ́dà. Mo kí Bàámi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́. Ṣé òjò ti dá l'Ófíkì? Ọyẹ́ ti dé ibí, ètè mi ti bó.

Iṣẹ́ irun dídì ń lọ. Ìka ń ro mí. Èdè Ìbàrìbá tí mi ò gbọ́ ni àwọn yòókù ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi á kàn máa wolẹ̀. Mo ti tọ́jú owó mọ́tò tí n ó fi wá ṣọdún, àmọ́ ọ̀gá mi ní ọmọṣẹ́ tuntun kì í lọ sílé lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní tí n bá fojú kan ilé, mi ò ní padà mọ́. Ẹyẹlé ni mo rántí.

Ṣé ẹ rántí ẹyẹlé mẹ́rin tí Ìyá Àgbà rà l'Ókèhò? Wọ́n ní tí ẹyẹlé bá dé ilé tuntun, a máa ń tu ìyẹ́ ńláńlá ní apá rẹ̀ kan. Kó tó hù padà, á ti mọlé. Wọ́n tu ti méjì, wọ́n ní kí n tu ti méjì yòókù. Ọ̀kan tó ní àmì tótòtó lọ́rùn ń wò mí, àyà rẹ̀ ń já lọ́wọ́ mi. Mi ò lè tu ú. Mo ní mo ti ṣe tán.

Lọ́jọ́ kejì ó fò lọ. Ẹni tó tà á ránṣẹ́ pé ó ti wà lórí òrùlé òun. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibi tí àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn, pé ẹyẹlé kì í gbàgbé ilé. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní àwọn làwọn gbàgbé láti tu tọ̀kan. Ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Ìgbàgbé. Èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo pè lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń bi yín pé Tọ́lá wo. Mo pa fóònù. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Irọ́ ni, ẹkún ni.

Ẹ jẹ́ kí Dúpẹ́ ka lẹ́tà yìí síta lójú gbogbo ilé, nítorí gbogbo ilé ló pè wọ́n ní Ìyá Ìgbàgbé. Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé wọn ò gbàgbé, èmi ni mi ò tu ìyẹ́ ẹyẹlé yẹn. Tí wọ́n bá tún bèèrè pé Tọ́lá wo, ẹ ní èyí tó jẹ́ kí ẹyẹlé lọ sílé.

Ọlọ́run á dá yín sí dè mí, á dá Ìyá Àgbà sí. Mo kí tilé toko, mo kí àwọn ẹyẹlé tó kù.

Èmi ni, ọmọ yín,
Tọ́lá